Lẹ́tà Kejì: Ìfẹ́ Àgbà nínú Ìwé García Márquez àti ti Mariama Bâ

Kí gègé àti tàdáwà tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn baba wa ti ń kọ lẹ́tà ìfẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí wúńdíá kan yóò so ẹyọ owó mẹ́fà pọ̀, yóò sì fi rán ońṣẹ́ sí i. Ẹfà ni: ọkàn mi fà sí ọ. Bí wúńdíá náà bá gbà, ẹyọ mẹ́jọ ni yóò fi dá a lóhùn. Ẹ̀jọ ni: èrò wa jọ. Àrokò nìyẹn, àwọn òyìnbó tí ó wà ní agbègbè Èkó àti Ìjẹ̀bú ní ìparí ọ̀rúndún 19 sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìyanu. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí a fi ojú sí. Ẹfà tí ó lọ kọ́ ni ó padà wá. Ẹni tí a ránṣẹ́ sí ní láti wá ẹyọ méjì mìíràn kún un kí èsì tó lè jẹ́ èsì.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó ti lé ní 50 ọdún yóò rántí ọ̀rẹ́ orí ìwé, ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ń pè ní correspondant. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Atakpamé yóò rí àdírẹ́sì akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní Dakar tàbí ní Abidjan, yóò kọ̀wé sí i, yóò fi fọ́tò sínú rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìdánwò tàbí iṣẹ́ tàbí ìgbéyàwó yóò gé okùn náà. Lónìí, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ti ń so irú okùn bẹ́ẹ̀ padà. Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú yóò tẹ orúkọ kan sórí Facebook, àwòrán obìnrin tí irun rẹ̀ ti funfun yóò sì yọ sí i. Obìnrin náà ti di opó, ó sì ń rántí.

Bí a bá ń sọ irú ìtàn yìí ní àwùjọ, ohùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ a ní sùúrù lérè, ìfẹ́ tòótọ́ kì í kú. Àwọn àgbà a ní ìtìjú ni, kí ẹni tí ó ti ní ọmọ-ọmọ tún máa ka lẹ́tà ìfẹ́. Èrò tiwa ni pé ohùn méjèèjì kù díẹ̀ káàtó. Ìwé méjì ni a fẹ́ fi wádìí ọ̀ràn náà. Àwọn méjèèjì wà ní èdè Faransé fún ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa jiyàn.

Èkínní ni *L'Amour aux temps du choléra*, tí Gabriel García Márquez, ọmọ ilẹ̀ Kòlóńbíà, tẹ̀ jáde ní èdè Sípéènì ní ọdún 1985, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel. Annie Morvan ni ó túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé ní ọdún 1987, ìtumọ̀ yẹn ni a sì kà. Ìtàn náà ní gbòǹgbò nínú ilé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ wáyà ni bàbá rẹ̀ ní ìlú Aracataca. Ọmọbìnrin ọ̀gágun kan ni ó fẹ́, bàbá ọmọbìnrin náà kò sì gbà. Wọ́n mú ọmọbìnrin náà rin ìrìn àjò jìnnà kí ó lè gbàgbé, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ wáyà ìlú gbogbo tí ó ń gbà kọjá ń bá ẹgbẹ́ wọn jẹ́ iṣẹ́ fún un. Ní ọdún 1926 àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn, ọmọ wọn sì kó gbogbo èyí sínú ìwé, àyàfi ìgbéyàwó náà. Ó mú un kúrò. Ó fi ọdún tí ó lé ní 50 sí ipò rẹ̀.

Àwa ará Atakpamé ní ìdí láti tẹ́tí sí ìtàn wáyà. Ní Kamina, nítòsí wa níbí, ni àwọn Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ wáyà aláìlókùn sí, èyí tí ó ń bá Nauen nítòsí Berlin sọ̀rọ̀ ní ọ̀nà tí ó ju 5,000 kìlómítà lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pẹ́ tí ogun fi dé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1914, àwọn tí ó kọ́ ọ fúnra wọn ni wọ́n wó o lulẹ̀ kí ó má bàa bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá. Nígbà tí a rí i nínú ìwé yìí pé Jámánì ni ọ̀gá tí ó kọ́ Florentino Ariza ní iṣẹ́ wáyà, a rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Florentino lọ fi wáyà jíṣẹ́ ní ilé kan, ó sì rí ọmọbìnrin onílé, Fermina Daza, tí ó jókòó tí ó ń kọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní ìwé kíkà. Láti ọjọ́ náà ni lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà Florentino gùn bí ìwàásù. Ti Fermina kúrú, ó ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí ọmọkùnrin náà ní kí ó fẹ́ òun, ó fi pẹ́ńsù kọ èsì sórí ìwé tí ó ya láti inú ìwé àjákọ rẹ̀: òun gbà, bí kò bá ní fi ipá mú òun jẹ ikàn. Àwọn obìnrin onísìn tí ó ń kọ́ ọ ká a mọ́ ibi tí ó ti ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ ní kíláàsì, wọ́n sì lé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. (Àwa olùkọ́ tí a máa ń gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kí a ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.) Bàbá gbé e rìnrìn àjò, wáyà ń tẹ̀lé e láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí ó padà dé tí ó rí Florentino lójúkojú láàárín ọjà, níbi tí àwọn akọ̀wé ìta ń jókòó sí, ó wò ó, ó sì rí i pé òjìji ni òun ti ń fẹ́. Ó juwọ́ sí i pé kí ó máa lọ. Ó dá gbogbo lẹ́tà rẹ̀ padà, ó sì béèrè tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fẹ́ Juvenal Urbino, dókítà tí ó kàwé ní Paris.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti ń ṣì ọ̀nà. Wọ́n a fo ọdún 50 náà kọjá, wọ́n a lọ sí ìparí tí àwọn arúgbó méjì wà nínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n a sì ní sùúrù ni ó ṣẹ́gun. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí sùúrù mú wá ní tòótọ́. Dókítà Urbino gun àkàbà láti mú ayékòótọ́ rẹ̀ lórí igi, ó ṣubú, ó kú. Nígbà tí àwọn olùbánikẹ́dùn ti lọ tán, Florentino dúró níwájú opó, ó sì tún ẹ̀jẹ́ rẹ̀ jẹ́: ó ti dúró fún ọdún 51, oṣù 9 àti ọjọ́ 4. Ẹni ọdún 76 ni, obìnrin náà sì jẹ́ ẹni ọdún 72. Kí ni ó rí gbà? Fermina lé e jáde, ó ní òun kò fẹ́ fojú kàn án mọ́. Kò tán síbẹ̀, ó tún kọ lẹ́tà sí i, lẹ́tà tí ó kún fún ìbínú àti èébú. Èrè sùúrù ọdún 51 nìyẹn. Ẹfà tí ọkùnrin náà rán ní ìgbà èwe ni ó tún gbé wá láìfi ẹyọ kan kún un, ó sì gbé e wá sí ibi òkú.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni ọkàn ìwé yìí. Florentino jókòó láti dá lẹ́tà èébú náà lóhùn, kò sì kọ ọ́ bí ó ti ń kọ tẹ́lẹ̀. Ó kọ́ bí a ti ń lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí à ń fi ìka tẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ àtijọ́ má bàa jí ohun tí ó ti sùn. Kò mẹ́nu ba ìgbà èwe. Kò pe ara rẹ̀ ní olùfẹ́. Ó kọ nípa ọjọ́ ogbó, nípa ikú, nípa bí ènìyàn méjì ti ń gbé pọ̀, ohun tí opó tí ó kẹ́yìn ọkọ lè fi ọkàn rò ní òru. Ní ìgbà èwe, ìfẹ́ ti kún ọwọ́ rẹ̀ dé bi pé kò lè kọ lẹ́tà òwò kan kí ó má dà bí orin. Arákùnrin bàbá rẹ̀ tí ó gbà á sí iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fẹ́rẹ̀ẹ́ lé e nítorí rẹ̀. Ní ọjọ́ ogbó ni ó wá kọ́ láti kọ lẹ́tà tí kì í ṣe nípa ara rẹ̀. Fermina ń kà wọ́n, kò dáhùn, ó sì ń fi wọ́n gbé ọ̀fọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan ni ó tó jẹ́ kí ó wọ ilé.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ kò pé. Ìfẹ́ àkọ́kọ́ kú. Fermina ni ó pa á láàárín ọjà, kò sì jíǹde. Èyí tí a rí ní ìparí jẹ́ ìfẹ́ mìíràn láàárín ènìyàn méjì mìíràn tí wọ́n kàn ń jẹ́ orúkọ kan náà. Òǹkọ̀wé fi ohun kékeré kan hàn wá nínú ikàn. Ọmọbìnrin tí ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ pé òun kò ní jẹ ikàn jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀ láìmọ̀, ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì di ohun tí ó ń fẹ́ jẹ nígbà gbogbo. Bí Florentino bá pa májẹ̀mú inú lẹ́tà yẹn mọ́, ẹni tí kò sí mọ́ ni ìbá máa ṣe é fún.

Abala mìíràn tún wà tí ó dùn mọ́ wa púpọ̀. Nígbà tí Fermina kọ̀ ọ́, Florentino ń jókòó láàárín àwọn akọ̀wé ìta, ó ń bá àwọn tí kò mọ̀wé kọ lẹ́tà ìfẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan mú lẹ́tà wá kí ó bá òun fèsì, Florentino sì rí i pé lẹ́tà tí òun fúnra òun kọ fún ọmọkùnrin kan ni. Ó ń kọ̀wé sí ara rẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn, wọ́n bímọ, wọ́n sì fi í ṣe bàbá ìsàmì ọmọ náà nígbà tí àṣírí tú. Àwọn ìlú tiwa náà mọ akọ̀wé ìta, tí ó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ pẹ̀lú tábìlì kékeré. Ẹ̀rín ni ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ó bu ẹnu àtẹ́ lu lẹ́tà àkọ́kọ́ ti Florentino náà: bí lẹ́tà kan bá lè bá ẹnikẹ́ni mu, ta ni a kọ ọ́ sí?

A kò lè yin ìwé yìí kí a sì dákẹ́ lórí América Vicuña. Ọmọ ọdún 14 ni, àwọn òbí rẹ̀ fi í sí abẹ́ àbójútó Florentino kí ó lè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, arúgbó náà sì bá a lò pọ̀. Nígbà tí Fermina di opó, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ náà rí àwọn lẹ́tà, ó kà wọ́n, ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Wáyà ni ó gbé ìròyìn ikú náà bá Florentino nínú ọkọ̀ tí òun àti Fermina wà. Kò sọ fún obìnrin náà. Wáyà ni ó mú un dé ẹnu ọ̀nà ìfẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé. Wáyà kan náà ni ó fi pamọ́ ní ìparí kí ìfẹ́ náà má bàa dàrú. Àwọn alárìíwísí kan ka èyí sí ohun kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹwà ìwé náà. Àwa tí àwọn òbí ń fi ọmọ síkàáwọ́ wa lójoojúmọ́ kò lè kà á bẹ́ẹ̀. A gbà pé òǹkọ̀wé mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó fi wáyà yẹn síbẹ̀, a sì gbà pé ó tètè ṣí ojú ìwé náà kọjá jù. Ẹni tí ó bá ń fi ìwé yìí kọ́ ọmọ kò gbọdọ̀ bá a ṣí i kọjá.

Ní ti ohùn àwọn àgbà, ẹni tí ó ń sọ ọ́ nínú ìwé náà ni Ofelia, ọmọ Fermina. Ó ní ìfẹ́ ní ọjọ́ orí ìyá òun jẹ́ ohun ìríra. Fermina lé e kúrò ní ilé. A kò sọ pé kí àwọn ìyá wa máa lé ọmọ wọn, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé Ofelia kò béèrè ohun tí ó wà nínú àwọn lẹ́tà náà. Ọjọ́ orí ìyá rẹ̀ nìkan ni ó kà.

Ìwé kejì sún mọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. *Une si longue lettre* ti Mariama Bâ jáde ní Dakar ní ọdún 1979. Òun ni ó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn Noma ní ọdún 1980, òǹkọ̀wé sì kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ramatoulaye, olùkọ́ àti ìyá ọmọ 12, di opó ọkùnrin tí ó ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ọmọ wọn. Nínú ilé ọ̀fọ̀ ni ó ti ń kọ lẹ́tà gígùn yìí sí Aïssatou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtikékeré tí ó wà ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Tamsir, ẹ̀gbọ́n olóògbé, dé pẹ̀lú ìmáàmù, ó ní òun ni yóò ṣú u lópó. Kò sí ilé kan ní agbègbè wa tí kò mọ irú àbẹ̀wò yẹn. Ramatoulaye sọ ohun tí ó ti gbé mì fún ọdún pípẹ́, Tamsir sì lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Daouda Dieng dé, òun ni ó sì kàn wá níhìn-ín. Ó ti fẹ́ Ramatoulaye ní ìgbà èwe. Ìyá ọmọbìnrin náà fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹni tí ọmọ rẹ̀ yàn lọ. Ó ti di dókítà àti aṣòfin, ó ní ìyàwó àti ọmọ nílé, ìfẹ́ náà kò sì kúrò ní ọkàn rẹ̀. Ọmọlúàbí ni. Ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ yóò retí pé kí Ramatoulaye gbà. Kò gbà. Ó kọ lẹ́tà sí i, ó fi rán Farmata, aládùúgbò rẹ̀ tí ó ti ìran àwọn arọ́kin wá, tí ó rò pé ìròyìn ayọ̀ ni òun ń gbé lọ. Nínú lẹ́tà náà, Ramatoulaye ṣàlàyé pé òun bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò tó láti fi ṣe ìgbéyàwó, àti pé òun tí obìnrin mìíràn ti gba ọkọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní lọ dúró sí àárín obìnrin mìíràn àti ọkọ rẹ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n máa ṣe ọ̀rẹ́. Ọkùnrin náà fèsì ní ọ̀rọ̀ bí mélòó kan péré: bí kò bá ní jẹ́ gbogbo rẹ̀, kò ní jẹ́ nǹkan kan; ó dìgbóṣe.

Ẹ fi ìdáhùn yìí wé ti Florentino. Àwọn méjèèjì gba lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ láti ọwọ́ opó. Èébú ni ti Florentino, ọ̀wọ̀ ni ti Daouda. Síbẹ̀ Florentino, tí ìwà rẹ̀ kò tó ti Daouda rárá, jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi ẹyọ kún ẹyọ. Daouda ti ìwé rẹ̀ pa. Ó jẹ́ ohun tí ó ń dunni nínú ìwé náà pé ẹni tí ó dára jù ni kò mọ ọ̀rọ̀ kejì sọ. A sì gbọdọ̀ jẹ́wọ́ pé bí ó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìyàwó rẹ̀ ṣì wà nílé. Lẹ́tà rere kì í sọ ohun tí kò tọ́ di èyí tí ó tọ́.

Kí a tó pa ìwé náà dé, ẹ rántí pé ọ̀rẹ́ orí ìwé wà nínú rẹ̀ lóòótọ́: Ramatoulaye àti Aïssatou. Àwọn obìnrin méjì tí òkun pín níyà, tí ọ̀kan ń kọ̀wé tí èkejì ń bọ̀ ní ọ̀la nígbà tí ìwé bá ń parí. A ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá ìtàn ìfẹ́ inú ìwé náà kiri láàárín àwọn ọkùnrin rẹ̀, tí kò sì mọ̀ pé inú rẹ̀ ni òun wà láti ojú ìwé kìíní.

Ìwé Yorùbá náà ti mọ lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí Isaac B. Thomas ń tẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ *Akéde Èkó* ní ọdún 1929 sí 1930, jẹ́ ọ̀wọ́ lẹ́tà tí obìnrin kan tí àìsàn ti dá gúnlẹ̀ ń kọ sí olótùú. Ó ń rántí àwọn ọkùnrin rẹ̀ ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó sì ń ké àbámọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí lẹ́tà náà ń lọ bá. Nínú *Ó Le Kú* ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí ó jáde ní ọdún 1974, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni olólùfẹ́. A ń retí òǹkọ̀wé tí yóò fún opó kan ní Atakpamé tàbí ní Kétu ní lẹ́tà tí ó tó ọjọ́ orí rẹ̀, ní Yorùbá tàbí ní èdè Ifẹ̀ tí à ń sọ nílé.

Ní sáà tí ó kọjá, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ lẹ́tà tí Daouda Dieng kò kọ, kí wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ ti kú ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ìwé 31 ni a gbà. Ọgbọ̀n nínú wọn ni ó sọ fún Ramatoulaye bí ọkùnrin náà ti fẹ́ràn rẹ̀ tó láti ìgbà èwe, púpọ̀ nínú wọn sì dùn ún kà. Ọ̀kan ṣoṣo, tí ọmọkùnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní kíláàsì kọ, bẹ̀rẹ̀ báyìí: ó kí i kú iṣẹ́ ọmọ, ó béèrè èwo nínú àwọn 12 ni ó kù sílé, ó sì bi í bóyá ó ṣì ń kọ́ni. A fún un ní 16 nínú 20, àwọn yòókù sì bínú sí wa títí sáà fi parí.